Gẹ̀gẹ̀ Tí Wọ́n Gé Lọ́rùn Ìyá Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìyá mi ni, ẹ̀bi tèmi náà sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni mo bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá mo lè kọ ọ́. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ jàre, Àbẹ̀kẹ́. Bí ẹnìkan bá kà á, tí ó sì sọ fún ìyá tirẹ̀, kò burú." Àṣẹ wọn ni mo fi ń kọ ọ́.

Ìyá mi ń ta èlùbọ́ nílùú Ọ̀yọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn wọn. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Nígbà tí mo fi máa wọ yunifásítì, ó ti tó ọsàn, wọn a sì máa fi ìborùn bò ó bí wọ́n bá ń lọ sóde. Kò dùn wọ́n, wọn kò sì kà á sí. Ìyá tó bí wọn náà ní in. Ọdún 2021 ni ó di ọ̀ràn: bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, èémí wọn a máa dún bíi fèrè, òkèlè iyán a sì máa há wọn lọ́fun. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, àwọn dókítà ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n sì yọ gbogbo rẹ̀ pátá.

Nígbà tí a ń padà sílé, nọ́ọ̀sì kan kó oògùn oníhóró lé wa lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n máa lo ẹyọ kan lárààárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Ìyá mi ní, "O ṣé o, ọmọ mi." Èmi náà ní a dúpẹ́. Bí ọ̀rọ̀ oògùn náà ti parí nìyẹn. A dé Ọ̀yọ́, a se ìrẹsì, a pe ará àdúgbò, gbogbo ènìyàn sì ń fọwọ́ kan ọrùn ìyá mi tó ti rí gbọọrọ bí ọrùn wúńdíá.

Oògùn náà ni wọ́n lò fún ọdún kan ó lé díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá a dúró, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, nígbà tí ooru ń mú gbogbo wa bí ẹni tó wà nínú ìkòkò tí a dé lórí iná, ìyá mi ń wọ súwẹ́tà lọ sọ́jà. Ohùn wọn ti di ohùn ọkùnrin. Ojú wọn wú láàárọ̀, kì í sì í ṣe bí ẹni tó sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọjà Ọ̀yọ́ mọ bí àwọn aláta àti ẹlẹ́lùbọ́ ti máa ń fi ẹnu fa oníbàárà mọ́ra. Ìyá mi lè ki ènìyàn láti orí baba ńlá rẹ̀ kí wọ́n tó wọn kóńgò kan. Ní àkókò yìí, bí ènìyàn bá kí wọn, wọn a dákẹ́ ná, bí ẹni tí ń fa omi láti inú kànga jíjìn, kí wọ́n tó dáhùn. Wọn a ṣi owó kà. Àwọn kan ní ìgbéraga ló dé, pé nítorí gẹ̀gẹ̀ ti lọ ni. Àwọn mìíràn ní ọjọ́ ogbó ni, bẹ́ẹ̀ ẹni ọdún 58 ni wọ́n nígbà náà. Àbúrò wọn obìnrin ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, wọ́n sì ti bá wọn wá ilé àdúrà tí wọn yóò ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje.

Èmi ńkọ́? Mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọkùnrin kan tí wọ́n fẹ́ràn sílẹ̀ ni, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ bí mo bá pè wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ̀rọ̀ títí, n kò gbọ́ nǹkan kan ju "hùn ún" lọ. Mo ní, "Màámi, bí ẹ kò bá fẹ́ máa bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ kúkú sọ ọ́ jáde," mo sì pa fóònù. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi pè wọ́n.

Ìgbà ọdún Àjíǹde ni mo lọ sílé. Mo ń wá ṣúgà nínú àwọn agolo tí wọ́n tò sórí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo rí páálí oògùn náà, mẹ́rin, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Mo gbé e tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣebí wọ́n ti gé e dànù? Àrùn tí kò sí lára mi mọ́, kí ni mo tún ń lo oògùn rẹ̀ fún? Owó rẹ̀ sì ti gun orí owó."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi kedere. Bí wọ́n bá ti yọ ẹ̀gún kúrò lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ta ni yóò máa lo oògùn ẹ̀gún títí ayé?

A padà sí Ìbàdàn. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan ló dá wa lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí ìyá mi kúnlẹ̀ lórí àga, ó fi òòlù kékeré kan tí a fi rọ́bà ṣe lu iṣan tó wà lókè gìgísẹ̀ wọn. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ náà ta, kí ó sì padà sáyè rẹ̀ wéré. Ó ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́, bí ìlẹ̀kùn tó wúwo, ni ó fi padà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ohun kan tí wọ́n ń pè ní TSH, tí kì í sábàá kọjá 4 tàbí 5, ti gun 62 lára ìyá mi. Dókítà náà ṣàlàyé fún mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá mi ń wo ẹnu wa. Nígbà tí ó ṣe tán, mo yíjú sí wọn kí n lè tú u sí Yorùbá, ẹnu mi sì wọ́.

Ẹ gbọ́ o. Mo gba oyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá. Mo lè ya àpólà orúkọ kúrò lára àpólà ìṣe lójú oorun. N kò rí ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ fún ìyá mi ohun tí wọ́n yọ lọ́rùn wọn.

Lójú ọ̀nà ilé ni mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú. A ní "gẹ̀gẹ̀" nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ tó sì ṣe kedere ni. Ṣùgbọ́n wíwú ni gẹ̀gẹ̀ ń sọ. Ẹ̀yà ara tó wú, èyí tó wà lọ́rùn olúkúlùkù wa kí ó tó wú, tí yóò wà níbẹ̀ bí kò tilẹ̀ wú láéláé, n kò gbọ́ orúkọ kan tí àwọn ará ilé wa ń pè é. Ohun tí kò bá wú, a kì í rí i. Ohun tí a kò rí, a kò sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí àwọn dókítà wá sọ fún ìyá mi pé àwọn yọ gẹ̀gẹ̀, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé àwọn yọ àrùn. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ohun tí àrùn náà gbé lé ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Èmi tí mo dúró síbẹ̀, tí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, n kò bèèrè.

Táírọ́ìdì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Abẹ́ gògóńgò ló wà, níwájú ọ̀nà tí èémí ń gbà kọjá, ó na apá méjì sọ́tùn-ún àti sósì bíi labalábá. Lára àgbàlagbà, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábàá ju 25 gíráàmù lọ. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a ń pè ní gílándì. Ẹ̀yà méjì ni gílándì pín sí. Àwọn kan ní ojú ihò tí omi wọn ń gbà jáde: èyí tó ń sun itọ́ sẹ́nu, èyí tó ń sun òógùn sára, èyí tó ń sun omijé. Àwọn kejì kò ní ojú ihò rárá. Inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gba ara wọn kọjá ni wọ́n ń da ohun tí wọ́n bá pèsè sí, ẹ̀jẹ̀ ni yóò sì gbé e lọ. Ohun tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ yìí ni họ́mónù. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, William Bayliss àti Ernest Starling, ni wọ́n rí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó hàn gbangba ní ọdún 1902, Starling sì mú orúkọ náà lò ní ọdún 1905 láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí pé kí a ru nǹkan sókè.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn ni àrokò. Ẹ̀yin tí ẹ ka Yorùbá nílé ìwé gíga yóò rántí rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, kí ó fi rán ìránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀: ẹfà, ìyẹn ni pé ọkàn mi ń fà sí ọ. Ó lè jẹ́ mẹ́jọ: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọra. Ìránṣẹ́ náà lè gba àárín ọjà márùn-ún kọjá, gbogbo ènìyàn yóò rí owó ẹyọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ́ ìpè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni họ́mónù rí. Gbogbo ara ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé e dé, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó bá ní ojú tí a fi ń ka àrokò náà nìkan ni yóò gbọ́ràn sí i.

Àrokò táírọ́ìdì kì í ṣe ti ẹnìkan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ń kà á. Ohun tó sì ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n koná mọ́ iṣẹ́. Òun ló ń sọ bí ara yóò ṣe yára jó oúnjẹ tó, bí ara yóò ṣe gbóná tó, bí ọkàn yóò ṣe máa lù, bí ìfun yóò ṣe máa ti oúnjẹ lọ, bí ọpọlọ yóò ṣe já fáfá tó. Ó tilẹ̀ ń bá wọn mọ ọpọlọ ọmọ inú oyún. Bí ó bá wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, iná gbogbo ara a relẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: òtútù nínú ooru, ìgbẹ́ gbígbẹ, awọ ara tó yi, ọ̀rọ̀ tó ń fà. Bí ó bá pọ̀ jù, òdìkejì ni: ọkàn a máa sáré, ọwọ́ a máa gbọ̀n, òógùn a máa bò ènìyàn, ẹni náà a sì máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun bí ẹní máa kú. Àwọn mìíràn tí èyí ń ṣe, ẹyinjú wọn a máa yọ síta. Ìyẹn náà, ẹ mọ ohun tí àdúgbò máa ń pè é.

Họ́mónù méjì pàtàkì ló ń pèsè. Ọ̀kan ní áyódínì mẹ́rin lára, wọ́n ń pè é ní T4. Èkejì ní mẹ́ta, T3 ni tirẹ̀. T4 ló pọ̀ jù nínú ohun tí táírọ́ìdì ń dà sẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n T3 ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn a máa yọ áyódínì kan kúrò lára T4 láti sọ ọ́ di T3. T4 máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọjọ́ méje bá kọjá, ìdajì rẹ̀ ṣì wà. Ìdí nìyí tí ìyá mi kò fi ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá oògùn dúró. Ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ni, bí epo àtùpà, débi pé ẹni tó ń gbé nínú iná náà kò mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú.

Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni bí ó ti kéré tó. Oògùn ìyá mi, 100 máíkírógíráàmù ni lójúmọ́. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Gíráàmù kan péré nínú rẹ̀ yóò tó ènìyàn lò fún 10,000 ọjọ́, ìyẹn ju ọdún 27 lọ. Ìyọ̀ tí ẹ fi ìka méjì mú sínú ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ju ohun tí ìyá mi nílò láti jẹ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ.

Nísinsìnyí, 62 yẹn. Táírọ́ìdì kì í dá iṣẹ́ ṣe. Gílándì kékeré kan wà tí kò ju ẹ̀wà lọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ìdajì gíráàmù, tó so mọ́ abẹ́ ọpọlọ nínú kòtò egungun kan lẹ́yìn imú. Pìtúítárì ni orúkọ rẹ̀. Abẹ́ ọpọlọ gan-an ló ti ń gba àṣẹ, òun náà a sì máa pàṣẹ fún àwọn gílándì ìsàlẹ̀. Òun ló ń sọ fún ọmú pé kí ó sun wàrà, òun ló ń mú ọmọdé ga, òun ló ń jí ilé ẹyin obìnrin àti kóró ẹpọ̀n ọkùnrin sí iṣẹ́. TSH ni àrokò tó ń fi ránṣẹ́ sí táírọ́ìdì. Bí họ́mónù táírọ́ìdì bá ti tó nínú ẹ̀jẹ̀, pìtúítárì a rẹ ohùn sílẹ̀. Bí kò bá tó, a gbé ohùn sókè. Nínú ara ìyá mi, ó ń pe ẹni tí kò sí nílé mọ́, kò dáhùn, ó tún pariwo. Igbe rẹ̀ ni 62.

Igbe yìí kan náà ni ó sì máa ń mú gẹ̀gẹ̀ wá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí áyódínì kò bá tó nínú oúnjẹ, táírọ́ìdì kò ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́, pìtúítárì kò sì ní yé tì í. A máa wú bí apá alágbẹ̀dẹ ṣe ń wú. Áyódínì pọ̀ nínú òkun, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó jìnnà sókun, pàápàá ilẹ̀ orí òkè tí òjò ti ń fọ̀ látayébáyé, kì í sábàá ní in tó. Ọdún 1922 ni Switzerland bẹ̀rẹ̀ sí fi í sínú iyọ̀. Ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1924. Ní Nàìjíríà, ọdún 1993 ni ètò pé kí gbogbo iyọ̀ jíjẹ máa ní in gbilẹ̀. Ọmọdé ni ìyá mi ti jẹ iyọ̀ tí kò ní in. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa ní oró kan tó máa ń di áyódínì lọ́wọ́ kí ó má wọlé sí táírọ́ìdì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí ẹ má jẹ gàrí o. Bí àwọn ìyá wa ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí ó fi ń kan, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń yan án, ìyẹn ló ń lé oró náà lọ. Àwọn tó ń yára ṣe é nítorí owó ni kí a bá wí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi ti ṣẹlẹ̀ sáwọn ẹlòmíràn kí a tó bí ìyá ìyá wọn. Nílùú Bern ní Switzerland, oníṣẹ́ abẹ kan wà tó ń jẹ́ Theodor Kocher. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé gẹ̀gẹ̀ tí àwọn mìíràn ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn, òun ń yọ ọ́ láìsí pé ẹ̀jẹ̀ ń ya. Ní ọdún 1874, ó yọ ti ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 kan pátápátá. Iṣẹ́ náà yọrí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó gbọ́ pé ọmọ náà ti yí padà. Nígbà tí ó fi rí i, ọmọ náà kò ga mọ́, ojú rẹ̀ wú, ọpọlọ rẹ̀ lọ́ra. Àbúrò rẹ̀ tó ti jọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ti ga kọjá rẹ̀. Kocher wá ránṣẹ́ pe àwọn mìíràn tó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó sì rí ohun kan náà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yọ gbogbo gílándì wọn. Ní ọdún 1883, ó dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ láìfi bò. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1909, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọjọ́ tí ó jẹ́wọ́ yẹn ni ó tóbi jù.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ náà, ní 1891, George Murray, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fa omi láti ara táírọ́ìdì àgùntàn, ó sì fi gún obìnrin ẹni ọdún 46 kan tí táírọ́ìdì tirẹ̀ ti kú ní abẹ́rẹ́. Obìnrin náà sọjí. Nígbà tó yá, wọ́n ń fún un gbé mì. Ó lo ọdún 28 sí i, ó kú ní 1919, ẹni ọdún 74. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gílándì àgùntàn ló ń bá a ran àrokò.

Ìtàn obìnrin yìí ni mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo yòókù lọ.

Àwọn gílándì mìíràn wà, n kò sì lè sọ gbogbo wọn lọ́sẹ̀ kan. Lẹ́yìn táírọ́ìdì gan-an, mẹ́rin kéékèèké bí hóró ìrẹsì so mọ́ ọn, wọ́n ń ṣọ́ kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kéré débi pé ọdún 1880 ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Sweden, Ivar Sandström, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe wọn lára ènìyàn. Ọ̀bẹ lè bà wọ́n lára nígbà iṣẹ́ abẹ ọrùn. Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ìyá mi, wọ́n ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé èèrà ń rìn yí ẹnu àwọn ká àti ní orí ìka. A rò pé àìsùn ni. Kálísíọ̀mù ló relẹ̀. Lẹ́yìn ikùn, gílándì gígùn kan tó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 wà níbẹ̀, tó ń pèsè ínsúlínì. Ẹni tí ínsúlínì bá wọ́n lára rẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ kò bá gbọ́ràn sí i mọ́, ni àtọ̀gbẹ ń ṣe. Ìyẹn nílò ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ti ilé ẹyin àti ti ẹpọ̀n, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó máa ń bí mi nínú nígbà tí ọkùnrin bá gbọ́ "họ́mónù" tí ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé obìnrin nìkan ló ní in.

Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí kíndìnrín, n kò lè fo ó, nítorí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn jù. Méjì ni wọ́n, wọ́n jókòó lórí kíndìnrín bíi fìlà. Inú wọn ló ń pèsè ádírénálínì, èyí tó ń mú àyà yín já, tó sì ń fún yín lẹ́sẹ̀ eré bí ajá bá gbó lójijì. Ẹ̀yìn wọn ló ń pèsè kọ́tísọ́ọ̀lù, tí ènìyàn kò lè gbé láyé láìní in. Nínú ọ̀pọ̀ ìpara abóra tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, ìbátan kọ́tísọ́ọ̀lù kan wà tó le gan-an. Ara a máa fà á wọlé. Bí ènìyàn bá ń fi í pa gbogbo ara fún oṣù gbọọrọ, pìtúítárì yóò rò pé kọ́tísọ́ọ̀lù ti kún inú ẹ̀jẹ̀, yóò dákẹ́, gílándì orí kíndìnrín yóò sì sùn, yóò súnkì. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá dá ìpara dúró lójijì, tàbí tí àìsàn ńlá dé sí i, kò ní rí kọ́tísọ́ọ̀lù kankan lò, ó sì lè dákú, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ relẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ti pẹ́ lórí rẹ̀, kí ó lọ bá dókítà, kí ó sì sọ òtítọ́. Dókítà ni yóò mọ bí wọn yóò ṣe dá a dúró díẹ̀díẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tí a ti Ìbàdàn dé ni mo jókòó ti ìyá mi lẹ́yìnkùlé, mo sì sọ ọ̀rọ̀ àrokò fún wọn. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Gbogbo nǹkan ló ń pẹ́ wọn nígbà náà. Wọ́n fọwọ́ kan ojú àpá ọrùn wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí wọ́n gé yẹn ló ń ran àrokò?"

Mo ní, "Òun ni, Màámi."

"Oògùn yìí wá ni àrokò náà gan-an?"

"Òun gan-an ni. Kì í ṣe oògùn àrùn."

"Nítorí náà, títí n ó fi kú ni."

N kò mọ bí màá ṣe dáhùn ìyẹn. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní?" Ìyẹn náà, n kò rí ìdáhùn rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ìyá ni wọ́n ń ṣe.

Ìwọ̀n kékeré ni dókítà fi bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn má bàa sáré lójijì, ó sì ń gbé e sókè. Wọ́n kọ́ wa ní ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: omi lásán ni kí wọ́n fi gbé e mì, kí wọ́n sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí wọ́n tó mu ògì, oògùn kálísíọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní wákàtí mẹ́rin. Kí wọ́n tó dá a dúró rárá, inú ògì gbígbóná ni wọ́n ti ń gbé gbogbo rẹ̀ mì pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 62 ti di 18. Nígbà tí oṣù Ọ̀pẹ fi pé, ó ti di 3. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni a pín owó oògùn náà láàárín ara wa, kí wọ́n má bàa tún ka owó rẹ̀ mọ́ owó èlùbọ́.

Súwẹ́tà náà wà nínú àpótí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pè wọ́n ní ọ̀sán, ọjà ń lọ lọ́wọ́, wọn kò sì ráyè tèmi. Mo gbọ́ bí wọ́n ti ń ki oníbàárà kan ní oríkì. Mo gbọ́ bí wọ́n ti dákẹ́, tí wọ́n sì bá obìnrin mìíràn sọ̀rọ̀, ẹni tó jọ pé ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé. Wọ́n bi í léèrè pé, "Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n yọ ni, àbí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù?" Obìnrin náà ní òun kò bèèrè. Ìyá mi ní, "Padà lọ bèèrè. Lọ lónìí." Ìgbà náà ni wọ́n tó rántí pé mo wà lórí fóònù.